Igbó Ọ̀pẹ tàbí Oko Ọ̀pẹ? Ìtàn Igi Kan ní Ilẹ̀ Nàgó láti Àjàṣẹ́ dé Kétu

Ẹni tí ó bá jókòó láti túmọ̀ ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ láti èdè Faransé sí èdè Yorùbá-Nàgó yóò ṣalábàápàdé gbólóhùn kan tí kò ní jẹ́ kí ó lè sáré: palmeraie naturelle. Bí a bá tẹ̀lé gbólóhùn náà bí ó ti wà, "igbó ọ̀pẹ" ni a ó kọ, èyíinì ni àwọn ọ̀pẹ tí ó hù fúnra wọn, tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. Ṣùgbọ́n láti Àjàṣẹ́ dé Sakété, àti láti Sakété dé Pobè, ó ṣòro kí a rí ibi tí ọ̀pẹ ti pọ̀ tí a kò ní gbọ́ orúkọ ìdílé tí ó ni ín. Ìdílé náà mọ ààlà rẹ̀, ó mọ bàbá ńlá tí ó kọ́kọ́ ṣán ibẹ̀, ó sì mọ ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ ẹyìn rẹ̀. Ṣé igbó ni irú ibẹ̀ yẹn, tàbí oko? Ó lè dà bí ẹni pé àríyànjiyàn àwa onímọ̀ èdè lásán ni èyí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti ọdún 1904 ni òfin ilẹ̀ ti wà ní orílẹ̀-èdè yìí tí ẹ̀tọ́ àgbẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ìdáhùn sí ìbéèrè náà, àwọn tí ó ṣe òfin ọ̀hún kò sì bi àgbẹ̀ léèrè kí wọ́n tó dáhùn.

Èdè wa kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún irú nǹkan báwọ̀nyí. Ẹgàn ni igbó tí àáké kò tí ì kàn rí. Igbòrò ni ilẹ̀ tí a ti ro rí, tí a fi sílẹ̀ kí ó lè sinmi. Ọ̀dàn ni ilẹ̀ koríko tí igi rẹ̀ fọ́nká. Àkùrọ̀ ni ti etí omi. Ẹni tí ó bá ní òun ní igbòrò kò sọ pé òun ti fi ilẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ó ń sọ ni pé òun ń bọ̀ wá ro ó nígbà tí ó bá yẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó wá láti Faransé ń wo ibẹ̀, wọn kò rí ọkọ́, wọn kò rí ebè, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí ẹni níbẹ̀.

Kí a tó dé orí òfin, ó yẹ kí a gbọ́ ẹ̀rí igi náà fúnra rẹ̀. Ọ̀pẹ kò fẹ́ òjìji. Bí ẹyìn bá bọ́ sábẹ́ àwọn igi ńlá inú ẹgàn, ó lè hù, ṣùgbọ́n kò ní dàgbà dé ibi tí yóò so dáadáa, nítorí pé oòrùn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ibi tí igbó bá ti là ni ó ti ń rí ààyè: etí odò, ibi tí igi ńlá ti wó, àti ní pàtàkì, ibi tí ènìyàn ti ṣán, tí ó ti sun, tí ó sì ti gbin àgbàdo àti iṣu. Àgbẹ̀ tí ń ṣán oko a máa gé àwọn igi yòókù, a sì máa dá ọ̀pẹ sí. Ọ̀pẹ tí ó bá ti ga díẹ̀ kì í tètè kú sínú iná tí a fi sun pápá. Ẹyẹ àti ẹranko a máa gbé èso rẹ̀ kiri, ènìyàn a sì máa da èkùrọ́ nù sí ẹ̀yìn ilé àti sí etí ọ̀nà. Bí oko bá ti di igbòrò, tí igbòrò tún di oko, ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọ̀pẹ ti gba ibẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, níbi tí ọ̀pẹ bá ti pọ̀ lọ súà lórí ilẹ̀ pupa gúúsù yìí, ọwọ́ ènìyàn ti kọjá níbẹ̀, ìbáà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín, ìbáà má gbìn ín.

Òtítọ́ ni pé kì í ṣe ènìyàn nìkan ni ó ṣí igbó ilẹ̀ yìí. Láti ìhà ìlà-oòrùn Ghana títí dé Bẹ̀nẹ̀, igbó ńlá Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà dá sí méjì, ọ̀dàn sì sọ̀ kalẹ̀ wá títí dé itòsí òkun. Ohun tí àwọn onímọ̀ rí nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún Sélé, ní àfonífojì odò Ouémé, fi hàn pé ọ̀dá ni ó dá igbó náà sí méjì, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún báyìí. Òjò ilẹ̀ yìí kò tíì padà dé bí ti àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà ní ìlà-oòrùn àti ní ìwọ̀-oòrùn wa. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí pé yóò tún padà wá nínú ìtàn yìí.

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, epo pupa jẹ́ ohun ọbẹ̀, ohun ìtànná àti ohun ètùtù. A ń tà á lọ́jà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ń fa ọkọ̀ òyìnbó wá sí etí òkun wa. Ẹrú ni. Nígbà tí ẹ̀rọ pọ̀ ní Yúróòpù, tí àwọn ará ibẹ̀ ń wá ọ̀rá fún ọṣẹ àti àbẹ́là, ni epo wa di ohun tí ọkọ̀ ń tìtorí rẹ̀ wá. Ilé òwò Régis ti Marseille fìdí kalẹ̀ sí Ouidah ní ọdún 1841. Ní Àjàṣẹ́, Domingo Martins, ọmọ Bràsíl tí ó kú ní ọdún 1864, ń ta ẹrú, ó sì ń ra epo. Ọwọ́ kan náà ni ó fi ń ṣe méjèèjì. Kò pẹ́ tí èkùrọ́, tí a ti ń fi apá kan rẹ̀ ṣe àdín tí a sì ń da ìyókù nù, fi di ọjà pẹ̀lú.

A sábà máa ń kà nínú ìwé pé òwò epo ni ó pa òwò ẹrú. Ní ti ilẹ̀ Nàgó, èrò mi kò bá èyí mu. Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ tí ó wà nínú epo. Ẹnìkan ní láti fi igbà gun ọ̀pẹ. Àwọn mìíràn ní láti ru ìdì ẹyìn wálé, kí wọ́n já a, kí wọ́n sè é, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ nínú kòtò ìfọpo, kí wọ́n pọn omi púpọ̀, kí wọ́n ṣẹ́ igi tí ó tó o dáná. Lẹ́yìn náà ni a ó ru epo lórí dé etí ọ̀sà. Bí epo bá ṣe ń pọ̀ sí i ni a ṣe ń wá ọwọ́ púpọ̀ sí i, àti omi, àti igi ìdáná. Níbo ni ọwọ́ náà ti wá? Àwọn ọba Dàhòmì, Ghézo tí ó jọba láti 1818 sí 1858, àti Glèlè ọmọ rẹ̀ tí ó jọba tẹ̀lé e títí di 1889, fi àwọn tí a kó lógun sí oko ọ̀pẹ. Nàgó sì pọ̀ lára àwọn tí a ń kó. Nígbà tí ọkọ̀ kò kó ènìyàn mọ́, ogun kò dáwọ́ dúró. Wọ́n lọ sí Abẹ́òkúta ní 1851, wọ́n tún lọ ní 1864, a sì lé wọn padà. Kétu kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú olódi ni, yàrà yí i ká, ẹnu ibodè Akaba Ìdẹ́nà rẹ̀ sì lókìkí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1886, lẹ́yìn ìdótì, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì wọ̀ ọ́, wọ́n sun ún, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ. Ó ti tó nǹkan bí ogún ọdún nígbà náà tí ọkọ̀ ẹrú tí ó kẹ́yìn ti kúrò ní etí òkun yìí.

Kétu ṣófo fún nǹkan bí ọdún méje. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn tí ó kù bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá, ní 1893 àti 1894, tí Alákétu Onyegen sì gorí oyè. Òǹkàwé lè fojú inú wo ohun tí wọ́n bá nílé. Oko ti di igbó. Láàárín ọdún méje, ewéko a ti bo ebè, igi wẹ́wẹ́ a ti ga ju ènìyàn lọ, ọ̀pẹ kéékèèké a sì ti hù níbi tí ìyá àgbà kan ti ń da èkùrọ́ sí lẹ́yìn ààrò. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, igi ni ìwé ẹ̀rí: pèrègún tí a gbìn sí ààlà, ìrókò tí a ń bọ, ọ̀pẹ tí a mọ ẹni tí ń gùn ún. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà yóò ka orúkọ ìdílé níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, tí ó wá láti òkèèrè pẹ̀lú ìwé àti kálàmù, igbó ni yóò rí, yóò sì pe ohun tí ogun ṣe ní ohun tí ó hù fúnra rẹ̀. Kì í ṣe Kétu nìkan ni mo ń sọ. Ọ̀pọ̀ abúlé Nàgó ni ogun tú ká ní ọ̀rúndún yẹn, ojú ilé àtijọ́ sì jẹ́ ilẹ̀ tí ọ̀pẹ fẹ́ràn.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 1904 ni òfin jáde fún gbogbo ilẹ̀ Faransé ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pé ilẹ̀ tí ó ṣófo tí kò sì ní ẹni tí ó ni ín, ti ìjọba ni. Òfin ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 1935 fi kún un pé bí a kò bá lo ilẹ̀ fún ohun tí ó ju ọdún mẹ́wàá lọ, tí kò sì sí ìwé lórí rẹ̀, ìjọba lè gbà á. A kò gbọdọ̀ sọ àsọdùn. Ní gúúsù Dàhòmì, àwọn aláṣẹ kò fi òfin wọ̀nyí gba ọ̀pẹ lọ́wọ́ ìdílé ní ọ̀nà tí ó gbòòrò. Èkùrọ́ ni wọ́n ń wá, wọ́n sì mọ̀ pé àgbẹ̀ ni yóò kó o wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú ìwé, ó sì dúró síbẹ̀.

Ohun tí ó mú kí àgbẹ̀ kó èkùrọ́ wá ni owó orí, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gbà ní 1899. Owó òyìnbó ni a fi ń san án, ọ̀nà tí ó yá jù lọ láti rí owó òyìnbó ní ilẹ̀ pupa yìí sì ni ọ̀pẹ. Ojú irin tẹ̀lé e: láti Àjàṣẹ́ ó dé Sakété ní 1907, ó sì dé Pobè ní 1913. Àwọn tí ó wà nítòsí rẹ̀ rí ibi tà sí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ọ̀pẹ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ: wọ́n ń ro ìdí rẹ̀, wọ́n ń gé imọ̀ gbígbẹ, wọ́n ń dá àwọn kéékèèké sí. Lónìí ọkọ̀ ojú irin kò gba ibẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀pẹ ṣì wà níbẹ̀. Ojú irin kò kọjá Pobè. Láàárín Pobè àti Kétu ni ilẹ̀ dúdú àwọn Ohori wà, amọ̀ tí ń di ẹrẹ̀ ńlá ní ìgbà òjò, tí ń là pẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilẹ̀ yẹn ti dáàbò bo àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ lọ́wọ́ Dàhòmì, wọ́n sì rò pé yóò dáàbò bo àwọn lọ́wọ́ Faransé nígbà tí wọ́n dìde láàárín 1914 àti 1916, lábẹ́ ẹni tí ìwé Faransé ń pè ní Otoutou Bi Odjo. Ìtàn tiwọn yẹ fún àpilẹ̀kọ tirẹ̀.

Ààlà pẹ̀lú ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Àdéhùn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 pín àwọn Nàgó sí méjì: Kétu bọ́ sí ìhà ìhín, Mẹ́kọ bọ́ sí ìhà ọ̀hún. Bí owó orí bá ga níhìn-ín, tàbí tí a bá ń fi agbára mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sí ogun, àwọn ènìyàn a di ẹrù wọn lóru, wọ́n a sì sọdá. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju ti fi èyí hàn kedere nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ àwọn òyìnbó. Ohun tí èmi fẹ́ fi kún un ni pé àwọn igi pẹ̀lú mọ ọ̀rọ̀ náà lára. Oko tí a sá fi sílẹ̀ níhìn-ín di igbòrò, igbòrò di igbó, nígbà tí a ń ṣán ẹgàn lọ́hùn-ún láti fi dá oko tuntun. Epo àti èkùrọ́ náà sì ń sọdá, gẹ́gẹ́ bí iye owó ìhà méjèèjì bá ti rí, lọ́wọ́ àwọn onífàyàwọ́ tí wọn kò ka ara wọn sí ọ̀daràn, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn àna wọn ni wọ́n ń gbé ọjà lọ.

Ní 1922 ni a dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ yan àwọn ọ̀pẹ tí ó dára jù láàárín èyí tí àwọn àgbẹ̀ ti dá sí láti ìran dé ìran, wọ́n sì gba irúgbìn lára wọn. Iṣẹ́ tí Beirnaert ṣe ní Yangambi, ní Kongò, ní nǹkan bí 1940, fi hàn pé bí a bá fi ọ̀pẹ tí èkùrọ́ rẹ̀ ní èèpo líle gba irú pọ̀ mọ́ èyí tí kò ní èèpo, a ó rí ọ̀pẹ tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́ tí ẹran ara rẹ̀ sì nípọn, tí epo rẹ̀ yóò pọ̀. Láti 1946, Pobè, La Mé ní Ivory Coast, Sibiti, Yangambi àti àwọn ará Éṣíà bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ irúgbìn. Ti Éṣíà yẹn, ọmọ Áfíríkà ni pẹ̀lú: igi mẹ́rin péré tí a gbìn sí Bogor, ní erékùṣù Java, ní 1848, ni baba ńlá rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí a mú padà wá fún wa gẹ́gẹ́ bí irúgbìn tuntun, ìrìn-àjò ni ó lọ.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì a kọ́ àwọn ilé ìfọpo alágbára, bí èyí tí ó wà ní Avrankou. Àwọn tí ó ṣètò wọn gbàgbé àwọn obìnrin. Ní ọ̀pọ̀ ilé, epo ni ti ọkọ, èkùrọ́ ni ti ìyàwó tí ó fọ epo náà. Nínú owó èkùrọ́ ni obìnrin ti ń rí aṣọ àti owó ilé ìwé ọmọ. Bí a bá gbé odindi ìdì ẹyìn lọ sí ilé ẹ̀rọ, èkùrọ́ ti bá a lọ. Kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé àwọn ilé ẹ̀rọ náà kì í rí ẹyìn tó.

Òfin ọdún 1961 gba ọ̀nà mìíràn. Bí ìjọba bá ti ya agbègbè kan sọ́tọ̀ fún oko ọ̀pẹ, gbogbo onílẹ̀ ibẹ̀ ní láti wọ ẹgbẹ́ alájùmọ̀ṣe, ìbáà wù wọ́n, ìbáà má wù wọ́n. Onílẹ̀ gba ìpín fún ilẹ̀ rẹ̀, òṣìṣẹ́ gba ìpín fún iṣẹ́ rẹ̀. A wó àwọn ọ̀pẹ àtijọ́, a sì gbin tuntun ní ìlà gígún, 143 lórí hẹ́kítà kan, mítà 9 láàárín ara wọn. Ní ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́ a lè gbin àgbàdo sáàárín wọn. Lẹ́yìn náà imọ̀ pàdé imọ̀ lókè, òjìji bo ilẹ̀, ilẹ̀ oúnjẹ sì tán. Agonvy ní gúúsù ìlà-oòrùn jẹ́ ọ̀kan nínú irú oko bẹ́ẹ̀.

Níbí ni ọ̀rọ̀ òjò ti padà wá. Ọ̀pẹ tuntun náà fẹ́ nǹkan bí mìlímítà 2000 òjò lọ́dún kí ó tó so bí a ti ṣèlérí. Pobè, tí ó wà lára ibi tí òjò ti dára jù ní ilẹ̀ wa, ń rí nǹkan bí 1200. Nígbà tí ọ̀dá àwọn ọdún 1970 dé, tí ti 1983 sì tẹ̀lé e, ẹyìn kò wá bí a ti kọ ọ́ sínú ìwé ètò, owó ìpín sì kéré. Àwọn ọ̀pẹ àtijọ́ kì í so púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fọ́nká, omi ilẹ̀ tó wọn pín, àgbàdo sì wà lábẹ́ wọn fún ọdún tí ẹyìn bá kùnà. Àwọn onímọ̀ Pobè rí i, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń wá irú ọ̀pẹ tí ó lè fara da ọ̀dá. Èmi kò sọ pé irúgbìn tuntun kò dára. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń rà á lónìí, wọ́n sì ń gbìn ín bí ó ti wù wọ́n, lórí ilẹ̀ tí ó wù wọ́n. Ohun tí ó ṣe ìpalára ni pé ẹni tí ó ṣètò rò pé ibi tí kò sí nǹkan kan ni òun ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí àwọn olùtumọ̀ àti àwọn olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà má lo "igbó ọ̀pẹ" mọ́ fún palmeraie naturelle. Òfin ilẹ̀ ọdún 2007 àti ìwé òfin ilẹ̀ ti 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013, tí a tún ṣe ní 2017, ti fún ẹ̀tọ́ àbáláyé ní ààyè. Àwọn òṣìṣẹ́ sì ń lọ sí abúlé láti kọ orúkọ onílẹ̀ àti ohun tí ó ń fi ilẹ̀ ṣe. Àgbàlagbà tí ó kọ́ ìwé kíkà lọ́dọ̀ wa lè jẹ́ ẹni tí yóò ka ìwé náà fún ìdílé rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ka sí i. Bí a bá ti kọ́ ọ pé "igbó" ni ọ̀pẹ bàbá rẹ̀, kí ni yóò sọ? Àbá tèmi ni "ọ̀pẹ àdásí" fún èyí tí àgbẹ̀ dá sí nígbà tí ó ń ṣán oko, àti "ọ̀pẹ àgbìn" fún èyí tí a gbìn ní ìlà; kí "oko ọ̀pẹ" sì jẹ́ orúkọ fún méjèèjì. Inú mi yóò dùn bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òǹkàwé, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní ilẹ̀ Tógò, bá ní ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti ń lò tí ó sàn jù èyí lọ.

Ní ti "igbó," a ṣì nílò rẹ̀. Ní Pobè, nínú ilẹ̀ ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ gan-an, ìyókù igbó àtijọ́ kan wà tí a dá sí nígbà tí a ń ṣán ìyókù láti fi gbin ọ̀pẹ. Àwọn igi ńlá wà níbẹ̀, òjìji rẹ̀ pọ̀.